Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ fún Ẹ̀rọ

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìbéèrè kúkúrú kan ti ń dà mí láàmú. Ọ̀gá wa ló bi amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) ilé iṣẹ́ wa ní ìbéèrè náà lójú gbogbo wa níbi ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ náà pọ̀ mọ́ ìwé ìṣirò owó wa, tí inú kálukú sì ń dùn pé a kò ní máa dúró de ìròyìn mọ́ kí a tó mọ ibi tí a wà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé, "Èló la pa lóṣù tó kọjá?" Èsì jáde kí wọ́n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà: nọ́ńbà kan ṣoṣo, pẹ̀lú gbólóhùn méjì tó já geere lábẹ́ rẹ̀.

Ìròyìn oṣù tí èmi fúnra mi ṣe wà lórí tábìlì níwájú wọn, nọ́ńbà mìíràn ni mo sì kọ síbẹ̀. Ti ẹ̀rọ fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún ju tèmi lọ. Ọ̀gá wo ìwé, wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n wá wò mí. Wọ́n ní, "Nínú méjèèjì, èwo ni ká gbà?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ìrọ̀lẹ́, torí pé lóòótọ́ ni n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ohun tí mo bá nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ

Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé ẹ̀rọ ti ṣì í. Irú àwọn ètò wọ̀nyí máa ń hun ọ̀rọ̀ pọ̀ nípa fífi ojú wo ohun tó ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé ohun tó ṣáájú ni. Bí a bá kó ọ̀ọ́dúnrún ìlà nọ́ńbà fún wọn pé kí wọ́n rò ó pọ̀ fúnra wọn, àròpọ̀ tó jọ òótọ́ lè jáde láìjẹ́ òótọ́. Mo ti ń múra láti kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí a tú ìsopọ̀ náà ká.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe so tiwa nìyẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni Anthropic, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe AI, gbé ìlànà kan tó ń jẹ́ Model Context Protocol, tí wọ́n ń gé kúrú sí MCP, síta fún ẹnikẹ́ni láti lò, òun sì ni a fi so tiwa. Lábẹ́ ìlànà yìí, ètò ìṣirò owó á to àwọn iṣẹ́ tó lè ṣe kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: mú àwọn ínífọ́ìsì (ìwé tí a fi ń béèrè owó ọjà) wá láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, mú ìròyìn èrè àti àdánù wá, mú orúkọ àwọn tó jẹ wá ní gbèsè wá. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ á yan èyí tó rò pé ó bá ìbéèrè mu, á kọ déètì àti ohun mìíràn tó yẹ sí àyè tó ṣófo, ètò ìṣirò owó fúnra rẹ̀ ni yóò sì rò ó pọ̀. Nínú tiwa, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá yàn ló máa ń wà lákọsílẹ̀. Mo ṣí àkọsílẹ̀ náà.

Kò sí àṣìṣe nínú àròpọ̀ rẹ̀. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mejì. Jẹ́ kí n sọ àwọn iye náà di kéékèèké kí ó lè rọrùn láti tẹ̀ lé. Àwọn ínífọ́ìsì tí déètì oṣù náà wà lórí wọn jẹ́ 1,000, iye yẹn gan-an sì ni ẹ̀rọ mú wá. Nínú 1,000 náà, 30 wà lórí àwọn ínífọ́ìsì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ sí. 90 jẹ́ owó orí tí a gbà lọ́wọ́ oníbàárà láti kó fún ìjọba, tí kì í ṣe tiwa rárá. 40 sì jẹ́ ti ọjà tí àwọn oníbàárà dá padà, tí a ti kọ ìwé ìdápadà fún. Nígbà tí mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ku 840, iye tó wà nínú ìròyìn tèmi.

Ó yẹ kí ara mi balẹ̀ nígbà náà, torí mo ti rí ohun tí n ó fi dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo ti fẹ́ máa kọ àlàyé náà, mo gbé ìròyìn tèmi sí ẹ̀gbẹ́ àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, mo sì wá ibi tí mo ti sọ fún ọ̀gá pé mo yọ owó orí kúrò. N kò rí i. Mo wá ibi tí mo ti sọ pé n kò ka ínífọ́ìsì tí a kò tíì fọwọ́ sí. N kò rí i. Ibi tí mo ti sọ pé déètì orí ínífọ́ìsì ni mo tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tí owó wọlé, kò sí níbẹ̀. Ọdún méje ni mo ti ń fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, tí wọ́n ń fi ṣe ìpinnu, n kò sì tíì kọ ìlà kan ṣoṣo rí nípa ọ̀nà tí mo gbà dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fẹ̀sùn kàn ti kọ gbogbo ohun tó ṣe sílẹ̀, ìlà tẹ̀ lé ìlà. Èmi ni n kò kọ ọ́.

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Ohun tí mo ti ń ṣe fún ọ̀gá láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Wọn á sọ ààbọ̀, èmi á sọ ọ́ di odindi nínú ọkàn mi, nítorí pé mo mọ̀ wọ́n, mo mọ ilé iṣẹ́, mo sì mọ ohun tí wọ́n sábà máa ń fi nọ́ńbà náà ṣe. Ẹ̀rọ gba ààbọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà, òun náà sọ ọ́ di odindi, odindi tirẹ̀ ló kàn yàtọ̀ sí tèmi. Nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tó bi ọ̀gá léèrè èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ kan, èsì mẹ́rin

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ náà, "pa", bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ẹni tó ń ròyìn gbogbo ohun tó tà lè ní báyìí ni òun pa. Ẹni tó ń ròyìn owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti yọ gbogbo ìnáwó rẹ̀ kúrò, tó ń sọ̀rọ̀ èrè nìkan, òun náà lè sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí a lè sọ fún nínú wọn pé ó ṣi ọ̀rọ̀ lò. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, 1,000 dáhùn ìbéèrè ọ̀gá, 840 náà dáhùn rẹ̀. Owó tó wọ báǹkì lóṣù náà jẹ́ 610, 180 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ọjà tí a ti tà ṣáájú oṣù náà. 610 náà dáhùn ìbéèrè náà. Bí a bá sì yọ 700 tí a ná kúrò nínú 840, ó ku 140, bóyá òun gan-an sì ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí a rán lọ sọ́jà yẹ kí ó lè sọ ọ̀nà tí òun gbà nígbà tó bá dé.

Àwọn oníṣirò owó ti ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ tipẹ́: èyí tó ń tẹ̀ lé ìgbà tí owó dé ọwọ́, àti èyí tó ń tẹ̀ lé ìgbà tí a ṣiṣẹ́ owó náà, yálà ó ti dé tàbí kò tíì dé. Nínú ètò ìṣirò owó bíi QuickBooks àti Xero, a lè mú ìròyìn èrè àti àdánù kan náà jáde ní ọ̀nà méjèèjì, nípa yíyan ọ̀kan dípò èkejì. Ènìyàn tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà á rí ibi tí a ti ń yàn án. Ẹni tó kàn béèrè ní gbólóhùn kan kò rí i. A ti yàn án fún un kí èsì tó dé.

Bí a bá wá fi èdè wa béèrè, bí a ti ń ṣe ní ilé iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ sí i. "Gbèsè èló ló wà nílẹ̀?" lè jẹ́ gbèsè tí a jẹ, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọ́n jẹ wá, bẹ́ẹ̀ ohun kan ń mú wa gbọ̀n, èkejì ń fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í sì í fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ ní wàràǹwéré. Ẹni tó bá kọ "elo ni owo wa" lè máa béèrè owó wa, ó sì lè máa béèrè òwò wa. Ènìyàn á wo ojú ẹni tó béèrè kí ó tó dáhùn. Ẹ̀rọ kò ní ojú ẹnikẹ́ni láti wò, ohun tí a kọ nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n mo ti rí i báyìí pé ẹni tó béèrè tí kò dárúkọ ibi tó ń lọ lè ṣìnà pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà tó péye lọ́wọ́.

Ìfẹ́ pé kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè béèrè ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM, gbé èdè kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n pè ní SEQUEL, èyí tó wá di SQL, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n ní lọ́kàn. SQL kò rọrùn fún ẹni tí a kò kọ́, ṣùgbọ́n àǹfààní kan wà nínú líle rẹ̀: kò sí bí a ṣe lè fi í sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ dárúkọ tábìlì tó fẹ́ wò, kí ó dárúkọ ọwọ̀n tó fẹ́ rò pọ̀. Bó bá sì jẹ́ oṣù kan péré ló ń wá, àfi kí ó kọ déètì tó fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó fi parí. Nígbà tí a wá gbé ẹrù yẹn kúrò lórí oníbèéèrè, ẹrù náà kò pòórá. Orí ẹ̀rọ ló bọ́ sí, ẹ̀rọ sì ń rù ú láìsọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí ó sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tó wà nínú ìdúró

Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀gá bá béèrè nọ́ńbà oṣù ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n máa ń rí i gbà. Ìdúró yẹn ni gbogbo ènìyàn ń ráhùn sí, òun náà sì ni ìsopọ̀ tuntun yìí wá mú kúrò. Ohun tí n kò ronú kàn rí ni pé iṣẹ́ wà nínú ọjọ́ méje náà. Inú rẹ̀ ni mo ti ń fi ìwé báǹkì wé ìwé tiwa, tí mo ń rí owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ń pe ẹni tó fi owó ránṣẹ́ láìsọ ohun tó fi í ránṣẹ́ fún, tí mo fi ń ti oṣù náà pa kí ẹnikẹ́ni má baà lè fọwọ́ kàn án mọ́. Nọ́ńbà tó jáde ní ọjọ́ kẹjọ kì í ṣe nọ́ńbà ọjọ́ kìíní tó kàn pẹ́ kó tó dé. Nọ́ńbà mìíràn ni.

Ìwé ìṣirò tí a ń wò nígbà tí a ń kọ ọ́ lọ́wọ́ dà bí aṣọ tó ṣì wà lórí òfì. A lè rí àwọ̀ rẹ̀, a lè rí bátànì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé wọ̀. Bí owó oníbàárà kan bá ti báǹkì wọ inú ètò náà fúnra rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, tí akọ̀wé wa kò sì mọ̀, tó tún fi ọwọ́ kọ owó kan náà sílẹ̀, tí mo wá rí i ní aago méjì ọ̀sán tí mo yọ ọ̀kan kúrò, ẹni tó béèrè ní aago mọ́kànlá ti gba èsì tó jẹ́ òótọ́ nípa ìwé, tí kì í sì í ṣe òótọ́ nípa owó. Ẹ̀rọ kò purọ́ fún un. Kò kàn sí ẹni tó sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tó wà nínú ìwé àti ohun tí a ti yẹ̀ wò kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín dáadáa níbí. N kò sọ pé kí a padà sí ìdúró ọjọ́ méje. Àwọn ìbéèrè kan wà tí èsì ojú ẹsẹ̀ dára fún ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí lọ: ta ni gbèsè rẹ̀ ti kọjá 60 ọjọ́, owó wo ló yẹ kí a san kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ǹjẹ́ owó oníbàárà báyìí ti dé. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ kẹjọ kí ó tó mọ ìwọ̀nyí ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ pinnu bóyá a lè gba òṣìṣẹ́ tuntun, tàbí bóyá kí a yá owó, orí oṣù tí a ti tì pa ni ó yẹ kí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ìyàtọ̀ yìí kò sí nínú ìsopọ̀ náà. Àwa la gbọ́dọ̀ fi sí i.

Ohun kan tún wà lórí ọ̀rọ̀ yìí tó ń já mi láyà ju àṣìṣe àròpọ̀ lọ. Àwọn ètò ìṣirò owó kì í kó gbogbo ìlà jáde lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹ̀rọ tó bá béèrè. Nínú QuickBooks Online, fún àpẹẹrẹ, ìbéèrè tí kò sọ iye tó fẹ́ á gba 100 àkọsílẹ̀ péré, kò sì lè gbà ju 1,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò ṣí ojú ewé kejì lè ro ojú ewé kìíní pọ̀ kí ó sì fi inú dídùn mú un wá fún wa. Nọ́ńbà tó ṣì tí ó tóbi jù á fu ènìyàn lára. Èyí tí kò pé, tó kàn fi díẹ̀ kéré sí òótọ́, kì í ní àpá kankan lójú.

Kíkà yàtọ̀ sí kíkọ

Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ máa kọ nǹkan sínú ìwé pẹ̀lú, kí ó máa san owó tó bá tó àkókò. Mo kọ̀, mo sì ṣì ń kọ̀. Àyè wà lórí ínífọ́ìsì tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ránṣẹ́ sí wa, níbi tí wọ́n lè kọ àlàyé sí, ẹ̀rọ sì ń ka àlàyé wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tí èmi bá bá a sọ. Ẹni burúkú lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a yí nọ́ńbà àkáǹtì tí à ń san owó sí padà. Simon Willison, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló fún irú ẹ̀tàn yìí ní orúkọ prompt injection ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, òun sì ni OWASP, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò ètò kọ̀ǹpútà, fi sí ipò kìíní nínú àkójọ ewu wọn fún àwọn ètò tí a kọ́ lé orí irú ọgbọ́n àtọwọ́dá yìí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àṣẹ kíkà nìkan ni mo fún un, mo sì ṣe é láti inú ètò ìṣirò owó fúnra rẹ̀. N kò kàn bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu pé kí ó má kọ nǹkan.

Ojú ewé kan

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé yẹn, mo padà lọ bá ọ̀gá, mo sì sọ fún wọn pé nọ́ńbà méjèèjì ló péye, pé èmi ni n kò sọ ohun tí tèmi túmọ̀ sí láti ọdún méje. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa lè rí i."

Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ kọ ìtumọ̀ "ọjà tí a tà" sí ojú ewé kan, olórí àwọn tó ń tajà sọ pé ọjà ti di títà ní ọjọ́ tí oníbàárà bá ti gbà láti rà á. Ẹni tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rù sí ní rárá, ọjọ́ tí ẹrù bá jáde ni. Èmi ti ń ka ọjọ́ tó wà lórí ínífọ́ìsì. A ti jọ ń ṣe ìpàdé fún ọdún púpọ̀, a ń lo ọ̀rọ̀ kan náà, ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì wà lọ́kàn wa. Ohun tó dà mí láàmú jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí, torí pé kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ rárá. Ẹ̀rọ ló kàn fi í hàn.

Ojú ewé náà wà báyìí. Ó sọ ohun tí ọjà tí a tà jẹ́, ohun tí owó tó wọlé jẹ́, ohun tí èrè jẹ́, ohun tí owó wa tó wà níta jẹ́, àti gbèsè tí àwa jẹ. A fi í fún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlànà tó gbọ́dọ̀ kà kí ó tó dáhùn ohunkóhun, a sì sọ fún un pé bí ọ̀rọ̀ tí a lò kò bá sí níbẹ̀, kí ó béèrè padà. Mo tún fi òfin kan kún un: lábẹ́ gbogbo èsì, kí ó kọ ìròyìn tó ti mú un, déètì tó lò, ohun tó yọ kúrò, àti iye àkọsílẹ̀ báǹkì tí a kò tíì yẹ̀ wò ní wákàtí náà. Nígbà tí Luca Pacioli ṣàlàyé ìṣirò àwọn oníṣòwò Venice nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1494, ohun tó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni pé a kì í kọ owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. A gbọ́dọ̀ kọ ibi tó ti wá àti ibi tó lọ. Mo rò pé ó yẹ kí a máa béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ èsì.

Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ọ̀gá tún jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo sì ń wò wọ́n láti orí àga mi. Wọ́n kọ "Èló la", wọ́n dúró, wọ́n pa á rẹ́, wọ́n wá kọ ọ́ pé, "Èló ló wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí?" Èsì jáde, wọ́n sì kà á dé ìsàlẹ̀, níbi tó ti sọ pé àkọsílẹ̀ báǹkì mẹ́rin ṣì wà tí a kò tíì yẹ̀ wò. Wọ́n yíjú sí mi. "Mẹ́rin wo nìyẹn?" Mo fa àga mi sún mọ́ tiwọn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.